Ọjọ́ tí mo kọ ebè ní Virginia

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Láti Maryland la ti wa mọ́tò lọ sí Staunton ní Virginia, ó gbà tó wákàtí mẹ́ta, torí ọmọ mi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé lórí àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́. Frontier Culture Museum ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí. Èmi rò pé inú gíláàsì ni wọ́n máa kó nǹkan sí, mo wọ bàtà ọ́fíìsì lọ, àṣé pápá gbalasa ni, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn láti oko kan dé òmíràn, àgùntàn á máa wò yín.

Wọ́n lọ tú ilé àgbẹ̀ gidi ní Ẹ́ńgílándì, Ireland àti Jámánì, wọ́n kó o kọjá òkun, wọ́n tún un tò síbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ òyìnbó tó ṣí wá sí Virginia, apá ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti wá. Agboolé Ígbò náà wà níbẹ̀, bó ṣe rí ní àwọn ọdún 1700, torí ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọ́n kó wá sí Virginia nígbà yẹn, ilẹ̀ Ígbò ni wọ́n ti kó wọn. (Àwọn yẹn ò ṣí wá o, wọ́n kó wọn wá ni.)

Ilé Jámánì ló pa mí lẹ́nu mọ́. Abúlé Hördt ní Jámánì ni wọ́n ti gbé e wá. Igi ni egungun ilé, wọ́n wá fi ẹrẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ koríko dí àárín ẹ̀. Ẹrẹ̀! Èmi tí mo fẹ́ẹ̀ bá èèyàn jà l'Ékòó rí torí ó pè mí ní ará oko, tó ní ilé ẹrẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí n'Ísẹ́yìn.

Nígbà tá a dé agboolé Ígbò, obìnrin tó ń ṣàlàyé na ọkọ́ sí wa pé ta ló fẹ́ dán an wò. Mo bọ́ bàtà. Ebè àkọ́kọ́ ya lulẹ̀, ojú tì mí, ni mo bá rántí bí bàbá àgbà ṣe máa ń pariwo pé mò ń ha ilẹ̀, kí n wà á láti ìsàlẹ̀, kí n sì fi ẹ̀yìn ọkọ́ lù ú. Ìkejì dúró digbí. Mo tiẹ̀ já koríko gbígbẹ, mo fi dé e lórí, mo ṣàlàyé fún wọn pé tá ò bá dé e, oòrùn á se èbù iṣu jinná nínú ilẹ̀. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́, èmi náà wú bíi búrẹ́dì.

Ọmọ mi tó ń ká fídíò ní, "Dádì, ṣé àgbẹ̀ ni yín tẹ́lẹ̀ ni? Ìgbà wo la máa lọ wo oko bàbá yín?"

Oko tí wọ́n ti gé ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì tà. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ wá omi mu.