Ìyá ìsọ̀ ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù alásíá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí: ká ní kọ́ńpìnnì fóònù kan fẹ́ ṣí irú ṣọ́ọ̀bù tí Òyìnbó ń pè ní flagship store, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ tó ń fi gbogbo ọjà rẹ̀ hàn, tí àwọn ẹ̀ka yòókù sì ń wò kọ́ṣe, sí àárín ìgboro Abẹ́òkúta, kí ni kí ẹni tó ń túmọ̀ ìkéde náà fún rédíò pè é? Ìdáhùn mẹ́rin ló ti wọlé: ṣọ́ọ̀bù alásíá, olú ilé ìtajà, ṣọ́ọ̀bù aṣojú, ìyá ìsọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fara mọ́, àmọ́ òun náà ní ẹ̀gún tirẹ̀.

Àsíá kọ́kọ́. Láàárín àwọn ọmọ ogun ojú omi, ọkọ̀ tí ọ̀gá wọn bá wà nínú rẹ̀ ló máa ń ta àsíá ọ̀gá náà, kí àwọn ọkọ̀ yòókù lè mọ ibi tí àṣẹ ti ń wá. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti yá a. Òyìnbó tó ń sọ ọ́ lónìí ò tiẹ̀ rántí àsíá mọ́, bí àwa náà kì í ti í rántí odò tí a bá ní a fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọ̀. Kí ló wá dé tí àwa á fi máa jí ohun tó ti kú lẹ́nu ẹni tó ni ín?

Ẹni tó dá "alásíá" lábàá ò ṣẹ̀ sí òfin èdè o. Oní àti àsíá ló pàdé. N di l níwájú fáwẹ̀lì tí kì í bá ti ṣe i, ó sì di alásíá, bí aláṣọ, bí aláta. Etí tó máa gbọ́ ọ ni mò ń rò. Alásíá ni ẹni tó ní àsíá tàbí tó ń tà á. Bí ẹ bá tún yọ oní kúrò, ó burú sí i, torí pé ọjà ni ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá tẹ̀ lé ṣọ́ọ̀bù máa ń tọ́ka sí: ṣọ́ọ̀bù oògùn, ṣọ́ọ̀bù aṣọ, ṣọ́ọ̀bù bàtà. Ṣọ́ọ̀bù àsíá, àsíá ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ó parí. Ẹnì kan ní ká lo ọ̀págun dípò àsíá. Ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni, Bíbélì lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ogun ló ń rùn lára rẹ̀, fóònù sì la fẹ́ tà. Nígbà tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ìlú yìí kan náà ní 1859, kò sẹ́ni tó so bébà mọ́ ọn lọ́rùn torí pé bébà wà nínú newspaper tí Òyìnbó ń pè é. Ìwé tí ìròyìn wà nínú rẹ̀ ni, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀.

Olú ilé ìtajà dùn lẹ́nu. Àmọ́ olú-ìlú ni ibùjókòó ìjọba, olú iléeṣẹ́ sì ni ibi tí ọ̀gá pátápátá jókòó sí. Ẹni tó bá gbọ́ olú ilé ìtajà, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ló máa gbé lọ síbẹ̀. Ẹ wo Apple. Cupertino ní Kalifọ́níà ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n ilé onígíláàsì tí wọ́n ṣí ní Fifth Avenue ní New York ní 2006 ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Òun kọ́ sì ni àkọ́kọ́: ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 2001 ni wọ́n ti ṣí méjì àkọ́kọ́, ọ̀kan ní Virginia, èkejì ní Kalifọ́níà, inú ilé ọjà ńlá tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà pa pọ̀ sì ni àwọn méjèèjì wà. Nítorí náà, bí a ṣe ń yọ olú kúrò, ká yọ àkọ́kọ́ náà mọ́ ọn.

Aṣojú ni mo bẹ̀rù jù. Lójú ìtumọ̀ lásán, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú òwò fóònù, aṣojú ni oníṣọ́ọ̀bù tó gba àṣẹ láti máa bá kọ́ńpìnnì tà: ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, owó tirẹ̀, èrè tirẹ̀. Ohun tí flagship kì í ṣe gan-an nìyẹn, nítorí pé kọ́ńpìnnì ló ni ín, òun ló ń san owó òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni ìyàtọ̀ yìí ń jáde. Fóònù tí wọ́n rà lọ́wọ́ aṣojú, tí ojú rẹ̀ ṣú dùdù lọ́sẹ̀ kejì, aṣojú á gbà á, á fi ránṣẹ́ sí ibi ìtúnṣe tí kọ́ńpìnnì yàn, oníbàárà á sì máa dúró. Ti Tecno, Infinix àti itel ní orúkọ tirẹ̀, Carlcare. Ibi ìtúnṣe ni, a ò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù pè é. Níbi tí kọ́ńpìnnì bá ti kó títà àti ìtúnṣe sábẹ́ òrùlé kan, orí tábìlì ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ní kí ènìyàn tẹ *#06#. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà (IMEI), oní-díjíìtì 15, tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí àti ti risíìtì mu. Fóònù onísíìmù méjì máa ń gbé nọ́ńbà méjì jáde, nítorí náà kí akọ̀wé kọ méjèèjì sí risíìtì. Ẹyọ kan tó bá fò ló ń sọ ọ̀rọ̀ wàráńtì di ariwo. Ẹ wá fojú inú wò ó kí rédíò pe ibi tí kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ dúró sí ní aṣojú. Gbogbo oníṣọ́ọ̀bù tó gba ìwé àṣẹ ní Pánṣẹ́kẹ́ á sọ pé àwọn náà nìyẹn, wọn ò sì ní purọ́.

Ó ku ìyá ìsọ̀. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú ń gbè é lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ìlù, kò sì pọn dandan kó jẹ́ òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lára. (Gíláàsì àti iná tó ń tàn yòò níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí, ṣaworo ni.) Ìyáálé náà ń bẹ: kì í ṣe ìyàwó kan ṣoṣo nínú ilé, òun ni àwọn yòókù ń wò kọ́ṣe. Iṣẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù yìí ń ṣe láàárín àwọn ẹ̀ka rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́: bí wọ́n ṣe to tábìlì níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pàtẹ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yòókù á ṣe tò ó.

Wọ́n ní ìsọ̀ ti kéré jù, pé páànù àti pákó ni. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi igi gbẹ́ náà ló di ọkọ̀ òfúrufú. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìsọ̀ ni pé ọjà tó wà ní títẹ́ ni ojú kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀: ẹni tó ń kọjá lè yà, kó fọwọ́ kàn án, kó bèèrè iye rẹ̀, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. "Ilé ìtajà" ò gbé ìyẹn. Samsung 837, irú ṣọ́ọ̀bù yìí tí Samsung ṣí ní New York ní 2016, ò tiẹ̀ ta ọjà fún ẹni tó wọlé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Wíwò àti dídánwò ni.

Àríwísí tó le jù ni pé obìnrin tó ń jókòó ní ìsọ̀ ni wọ́n á pè ní ìyá ìsọ̀. Rárá. Obìnrin tó ń ṣòwò máa ń gba oní mọ́ra: ìyá onísọ̀, ìyá aláṣọ, ìyá ẹlẹ́ja. Tí oní ò bá sí níbẹ̀, tí ohun tí kò lẹ́mìí sì tẹ̀ lé ìyá, bí ti ìlù, èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú irú rẹ̀ ló ń jẹ́.

Ibi tí ẹ̀gún wà ni pé ẹnì kan ti sáré fún un pọ̀: ìyáàsọ̀. Ó tẹ̀ lé ìyáàlù, mi ò lè sọ pé ó ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ pè é kíákíá. Asọ̀ ni ìjà. Ohùn kan ṣoṣo ló la ìyáàsọ̀ àti ìyá tó ni asọ̀ láàárín. Ẹ tún wá kọ ọ́ láìfi àmì sí i bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù: iyaaso. Ní ìlú tí Ìtòkú wà, tí àdìrẹ kún ìgbá kún àwo, ta ló máa rí iyaaso tí kò ní kà á sí ìyá aláṣọ? Ẹ jẹ́ kó dúró ní ọ̀rọ̀ méjì.

"Àárín ìgboro" náà ò tó fún ìkéde. Ìlú púpọ̀ ló parapọ̀ di Abẹ́òkúta lábẹ́ Olúmọ láti 1830, àárín rẹ̀ sì ju ẹyọ kan lọ: Sápọ̀n lẹ́nu ará Ìtòkú, Òkè-Ìlẹ̀wọ̀ lẹ́nu òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹ dárúkọ àdúgbò. Ní ti ṣíṣí, "ṣọ́ọ̀bù ti ṣí" ni a ń sọ láràárọ̀, ìṣílé sì jẹ mọ́ ilé gbígbé. "Fi lọ́lẹ̀" ló bá ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mu.

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ fún rédíò nìyí: "Lọ́la ni wọ́n máa fi ìyá ìsọ̀ kọ́ńpìnnì náà lọ́lẹ̀ ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, níbi tí ẹ ti lè fọwọ́ kan gbogbo ọjà wọn kí ẹ tó rà á." Ìdajì kejì yẹn ló ń kọ́ olùgbọ́ ní ìtumọ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹ lè gé e.

Ẹni tó máa kọ ọ́ sára pátákó ni kó ṣọ́ra. Ọ̀ ńlá tó ní àmì ohùn ìsàlẹ̀ ò ní kóòdù ẹyọ kan nínú Unicode, ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà: Ọ jẹ́ U+1ECC, àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ U+0300, kọ̀ǹpútà ló ń tò wọ́n léra. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n tò á sún àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n tẹ ìlà kan jáde wò ná, kí wọ́n sì sọ àwọn lẹ́tà di àwòrán kí wọ́n tó gbé fáìlì fún ẹni tó ń gé pátákó. Bí gbogbo àmì bá já bọ́, IYA ISO ló máa kù lókè, àwọn káfíńtà á sì máa wọlé wá bèèrè ìṣó.