Bot ní òun kò rí Ẹ̀fọ̀n, bẹ́ẹ̀ Ẹ̀fọ̀n wà níbẹ̀

Láti Adó-Èkìtì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí lórí wiki kékeré tí àwa kan gbé kalẹ̀ nípa àwọn ìlú Èkìtì. MediaWiki, sọ́fítíwìa tí wọ́n fi ń gbé wiki kalẹ̀, la fi ṣe é. Iṣẹ́ bot wa, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàtúnṣe ojú-ìwé fúnra rẹ̀, kò le: kó máa ti ojú-ìwé ìlú kan bọ́ sí òmíràn, kó sì kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ìlú náà wà sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì, orúkọ wọn kò ṣòro kó jọ.

Adó gbà, Ìdó gbà, Ìjerò náà gbà. Bó ṣe dé Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ó fàáké kọ́rí. Ó ní missingtitle, pé kò sí ojú-ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú-ìwé ọ̀hún sì rèé níwájú mi nínú browser, ìtàn ìlú náà gùn rẹrẹ. Bó ṣe ṣe ní Ọ̀tùn nìyẹn, bó ṣe ṣe ní Ìkọ̀lé nìyẹn.

Àwọn ọ̀rẹ́ ní token, kóòdù tí bot gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àtúnṣe, ló bàjẹ́. N kò gbà. Bí token kò bá dáa, badtoken ni api.php, ibi tí bot ti ń bá wiki sọ̀rọ̀, máa dáhùn, kò ní sọ pé òun kò rí ojú-ìwé. Mo to àwọn ìlú tó gbà sọ́tùn-ún, mo to àwọn tó kọ̀ sósì, ọ̀rọ̀ bá yé mi. Nínú àwọn tó gbà, kò sí orúkọ tó ní àmì lábẹ́ lẹ́tà. Gbogbo àwọn tó kọ̀ ló ní.

Mo ní kí Python tẹ kóòdù Unicode (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi mọ lẹ́tà àti àmì) ti lẹ́tà àkọ́kọ́ Ẹ̀fọ̀n jáde, ti inú àkójọ mi àti ti orí wiki. Tèmi jẹ́ U+1EB8 àti U+0300. Ti wiki jẹ́ U+00C8 àti U+0329. Ẹni tó kọ ojú-ìwé náà lo kíbọ́ọ̀dù tó ń fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà, È̩fò̩n. Àkójọ tèmi ń lo tóótó, Ẹ̀fọ̀n. Ènìyàn á kà á, kò ní fura. MediaWiki a máa sọ gbogbo ohun tí a bá fi ránṣẹ́ sí i di NFC, ìlànà Unicode tó ń kọ lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n NFC kì í sọ ìlà di tóótó. Ọpẹ́ ni pé nocreate, àṣẹ pé kó má dá ojú-ìwé tuntun sílẹ̀, wà nínú ìbéèrè wa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bot ì bá ti dá Ẹ̀fọ̀n kejì sílẹ̀.

Mo fi list=allpages kó gbogbo àkọlé tó wà lórí wiki jọ, mo sọ U+0329 (ìlà) di U+0323 (tóótó) nínú ẹ̀dà tí mo fi ń ṣe àfiwé, mo tún sọ ẹ̀dà náà di NFC, mo wá ń fi pageid, nọ́ńbà ojú-ìwé, ṣe àtúnṣe dípò àkọlé. Gbogbo wọn gbà. Ohun tó ká mi lára ni pé ọmọ tó bá ń wá ìlú bàbá rẹ̀ níbẹ̀ lè má rí i, kó rò pé kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A ti ń yí àwọn àkọlé náà sí ti tóótó, a sì ń fi àtúnjúwe sílẹ̀ fún ti ìlà.

Láti Ìkọ̀lé-Èkìtì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Bot tèmi kò tilẹ̀ ráhùn. "Success" ló ń kọ lọ rẹpẹtẹ, ojú-ìwé kò sì yí padà. Ìsàlẹ̀ èsì yẹn ni ọ̀rọ̀ wà: nochange. Ìyẹn ni pé ohun tí mo fi ránṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ohun tó ti wà níbẹ̀. Fáìlì tí wọ́n fún mi ló fà á. Nínú rẹ̀, "ọ" jẹ́ o àti tóótó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ti wiki jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, U+1ECD. replace, àṣẹ Python tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀, wá ọ̀rọ̀ náà títí, kò rí i, ó dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. unicodedata.normalize pẹ̀lú NFC ló yanjú ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Python lọ́dọ̀ wa máa fún wọn ní ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lámì láti fi dánra wò.

Láti Ìdó-Èkìtì:

Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ token náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Àbúrò mi kan gbé script wá: àtúnṣe ń wọlé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà IP ló wà níbi tó yẹ kí orúkọ bot wà. A tẹ token jáde, +\ nìkan la rí. Token ẹni tí kò wọlé nìyẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já, script ti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, cookie, ohun tó ń fi han wiki pé ó ti wọlé, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. A kó gbogbo rẹ̀ sínú requests.Session kan, irinṣẹ́ Python tó ń tọ́jú cookie, ó fi páásíwọ́ọ̀dù tó gbà ní Special:BotPasswords wọlé, a sì fi assert=user sí gbogbo àtúnṣe, kó lè kọ̀ fúnra rẹ̀ bí ó bá ti jáde.

Ní ti badtoken, ẹ wo àmì + tó wà ní ìparí token. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ so ìbéèrè pọ̀ láì kọ ọ́ ní %2B, bí wọ́n ṣe ń kọ + nínú ìbéèrè, àlàfo ló máa dé ọ̀hún.

Bí tiyín bá ṣì ń kọ̀, ẹ fi gbogbo èsì rẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe ìlà àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ yọ token àti páásíwọ́ọ̀dù kúrò níbẹ̀ ná.