Ìgbẹ́tì la padà gbà o

Ẹ kú àdúrótì. Ẹ rántí pé mo bi yín láti Ìjẹ̀bú-Òde níbí pé ibo ló dáa ká gbà wọ Old Oyo National Park, a ti lọ a ti dé. Ìgbẹ́tì la gbà, torí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ni bàbá mi fẹ́ fojú rí, apá àríwá páàkì náà ló sì wà, páàkì ọ̀hún sì tóbi gan-an, 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá gba apá gúúsù wọlé ẹ máa rìn títí. Réńjà, ẹ̀ṣọ́ páàkì náà, ló ṣáájú wa. Àfọ́kù ìkòkò wà lábẹ́ ewé, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fàtàǹpàkò nu erùpẹ̀ ara ọ̀kan, wọ́n rí ilà tí wọ́n fín sí i, wọ́n rọra dá a padà síbi tó wà, omi sì lé sójú wọn. Inú mi dùn pé mo mú wọn lọ. Ẹ ṣé gan-an, mo ti rí ìdáhùn mi.