Ìtàn Lovecraft ní Àgbádárìgì: kí ló yẹ kó bani lẹ́rù níbẹ̀?

Àkọ̀wé Ajara
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ń tún The Horror at Red Hook kọ, ìtàn H. P. Lovecraft, òǹkọ̀wé ìtàn ẹ̀rù ará Amẹ́ríkà, tó jáde nínú ìwé ìròyìn Weird Tales ní 1927. Brooklyn, ní New York, ni tiẹ̀ wà. Àgbádárìgì ni mo fẹ́ gbé tèmi sí, bí ọ̀rọ̀ 5,000. Orí àwọn àlejò tó ṣí wá sí ìlú ni ọkùnrin yẹn di gbogbo ẹ̀rù rẹ̀ rù: àwọ̀ wọn, èdè wọn, ìsìn wọn. Mo fẹ́ dà á kodò, kí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà fúnra rẹ̀ di ohun tó ń bani lẹ́rù. Ibi tí mo há sí nìyí: ta ni kí ìtàn máa tẹ̀lé? Ṣé mo lè fi Olókun ṣe abàmì tó ń sùn nísàlẹ̀ òkun? Kọpíráìtì ńkọ́?

Bàbá Olóòtú
Àbúrò, kọpíráìtì ló rọrùn jù. Lovecraft kú ní 1937. Òfin Nàìjíríà ti 2022 ń dáàbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ààbò náà ti tán. Ohun tí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi kún un ni kí o má tọwọ́ bọ̀.

Yọ Olókun kúrò. Nínú The Call of Cthulhu, ìtàn Lovecraft mìíràn, àwọn ọlọ́pàá ya wọ inú irà kan nítòsí New Orleans, wọ́n bá àwọn ènìyàn tó ń jó yí iná ká, Lovecraft sì ka ìsìn wọn sí ti ẹ̀mí òkùnkùn. Irú ìsìn bẹ́ẹ̀, etíkun tiwa yìí ni wọ́n ti kó o sọdá nínú ọkọ̀ ẹrú. Bí o bá wá sọ òrìṣà di abàmì, ẹjọ́ Lovecraft ni ìwọ náà ń rò, o kàn fi Yorùbá rò ó ni.

Ní ti ẹni tí ìtàn yóò tẹ̀lé, wo The Ballad of Black Tom tí Victor LaValle kọ ní 2016. Ìtàn Red Hook yìí kan náà ló tún kọ. Ìdajì àkọ́kọ́ ń tẹ̀lé Tommy Tester, ọmọ Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Ìdajì kejì ń tẹ̀lé Malone, ọlọ́pàá tí Lovecraft fi ṣe akọni. Òǹkàwé ti mọ Tester dáadáa kí Malone tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i, ibẹ̀ sì ni ìfọ́jú Malone ti hàn. Fún ìwọ, ọ̀rọ̀ 3,000 fún ọmọ Àgbádárìgì kan, ká pè é ní Sewanu, 2,000 fún òyìnbó aláṣẹ. Má ṣe máa paarọ̀ wọn lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Òǹkàwé kò ní mọ ẹnì kankan dáadáa, gbogbo rẹ̀ yóò sì tú. Nínú ti òyìnbó, kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Jẹ́ kó kọ orúkọ Sewanu lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìròyìn kan ṣoṣo, kó pe obì ní májèlé. Òǹkàwé yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Bí o bá ti fi ẹnì kan síbẹ̀ tó ń là á lóye, ìwàásù ti dé nìyẹn.

Wàyí o, ẹ̀rù. Ohun tí Lovecraft ń pariwo ni pé ayé tóbi, kò sì sí ohun kan níbẹ̀ tó ka ọmọ ènìyàn sí. Fún ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ọjà rí, èyí kì í ṣe ìròyìn. Ní 1781, wọ́n ju ènìyàn tó lé ní 130 láàyè sínú òkun láti inú ọkọ̀ ẹrú Zong. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, owó adójútòfò ni wọ́n ń jà sí, pọ́ùn 30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìṣirò àwọn oníṣòwò ẹrú ni kí o fi ṣe abàmì rẹ. Gbé ìtàn sí 1925, ọdún tí Lovecraft kọ tirẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ 800, kí Sewanu rí ìwé àtijọ́ kan: agboòrùn 1 fún ènìyàn 40, bí àwọn tó ń mú àlejò kiri ilé ẹrú ṣe máa ń sọ ọ́. Níbi 2,500, kó rí ìlà tí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i jẹ́ ọ̀la, tàdáwà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí òyìnbó ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, kó yin ìṣirò rẹ̀ pé ó mọ́. Ìwé náà kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá ṣẹ̀jẹ̀, ó ti di fíìmù.

Ìyá Aláràbà
Ẹ ṣeun, Bàbá Olóòtú, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó di pé òyìnbó nìkan ló wà nínú ìwé yẹn. Wọ́n ta Seriki Williams Abass ti Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní kékeré, ó sì padà wá di oníṣòwò ẹrú. Ilé rẹ̀ tó ní yàrá 40 ṣì wà nílẹ̀. Ará Àgbádárìgì tó bá ka ìtàn tí kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí alágbàtà bo ẹlẹ́yàmẹ̀yà mọ́lẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti sọ àwọ̀ di ẹ̀wọ̀n àjogúnbá: òfin Virginia, ní Amẹ́ríkà, ti 1662 ní ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún, ẹrú tàbí òmìnira. Fi àyè sílẹ̀ nínú ìwé ìṣirò náà fún àwọn tí a kò tíì bí.

Àkọ̀wé Ajara
Mo dúpẹ́ gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Àyè àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní ibì kan tí babaláwo ti dá Ifá, tí odù kankan kò jáde. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Awo
Pa á rẹ́. Èso 8 ló wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú méjì, 256 sì ni odù. Kò sí bí wọ́n ṣe máa jù ú tí ọ̀kan kò ní jáde. Jẹ́ kí odù jáde, kó ka ẹbọ, kí wọ́n rú u pé, kí obì sì kọ̀ láti yàn. Ohun tí kì í gba ẹbọ burú ju ohun tí kò lórúkọ lọ.

Tún wò ó, ẹ̀yà Ogu ni Sewanu. Bokonon, babaláwo tiwọn, ló máa tọ̀ lọ, Fá ni yóò sì máa pe Ifá. Má sì jẹ́ kó jáde nílé kó bọ́ sẹ́nu òkun, àṣìṣe àwọn tí kò dé ibẹ̀ rí nìyẹn. Ọ̀sà ló wà níwájú ìlú. Ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ dé Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì, kó tó fẹsẹ̀ rin yanrìn lọ bá òkun. Lójú ọ̀nà yẹn ni kànga tí wọ́n ní àwọn ẹrú máa ń mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ibẹ̀ ni kí ìwé ìṣirò wà, má gbé e sí etí òkun.