Híha èépá kì í ṣe fífọ eyín

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tí a máa lò fún ìtọ́jú eyín nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ní ká túmọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí a máa pe iṣẹ́ tí àwọn dókítà eyín ń fi irin ṣe láàárín eyín àti erìgì ní "fífọ eyín". Èkejì ni "òkúta eyín" fún ohun líle tí wọ́n ń yọ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni "fífa gbòǹgbò eyín" fún ìtọ́jú inú gbòǹgbò. N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn. Aláìsàn ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó la ẹnu, ohun tó bá gbọ́ ni yóò sì mú lọ sílé.

Gbogbo wa la ń fọ eyín láàárọ̀, ìbáà jẹ́ pákò tàbí búrọ́ọ̀ṣì. Bí nọ́ọ̀sì bá wá sọ fún ìyá kan tó ti Ọjà'ba wá pé, "Màmá, eyín yín ń fẹ́ fífọ," ohun tí màmá máa gbọ́ ni pé wọ́n pe òun ní ọ̀bùn. Yóò bínú, yóò dé ilé, yóò ra pákò tuntun, yóò sì fi rin eyín títí erìgì yóò fi ṣẹ̀jẹ̀. Ohun tó wà lára eyín rẹ̀ kò sì ní kúrò, nítorí ó ti kọjá agbára pákò.

Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ohun rírọ̀ kan tó ń yọ̀ máa ń bo eyín, pàápàá létí erìgì. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kún inú rẹ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a máa pè ní èérí eyín, torí pé fífọ ló ń mú un kúrò. Bí a bá fi í sílẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù inú itọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un le láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀ ló ti máa ń pọ̀ jù, àti lára àwọn eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ lókè, lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni itọ́ ti ń sun. Bó bá ti le gbagidi báyìí, èépá ni. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì tí omi ń jáde lẹ́nu rẹ̀ tàbí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń ha á, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dán ojú eyín kí èérí má tètè rí ibi dì mọ́.

Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ "òkúta"? Mo mọ̀ pé a ń sọ pé òkúta wà nínú kíndìnrín. Ṣùgbọ́n ní ti ẹnu, òkúta tí gbogbo wa mọ̀ ni ti inú ẹ̀wà àti ìrẹsì. Aláìsàn á máa dá ẹni tó ṣa ẹ̀wà lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́nu òun gan-an ni nǹkan náà ti hù. Ẹnì kan ti ní èépá egbò máa ń ṣí fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ so "híha" mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, híha èépá ni o, kì í ṣe híha eyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sá fún un nítorí wọ́n gbà pé ó ń jẹ́ kí eyín mì. Èépá ló ti ti erìgì sẹ́yìn, tí egungun tó di eyín mú sì ti dínkù; òun kan náà ló tún dí àlàfo tó dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ha á kúrò, àlàfo á hàn, omi tútù á sì máa ta eyín fún ọjọ́ díẹ̀. Bí a bá wá pè é ní "híha eyín", àwa fúnra wa la fi ọ̀rọ̀ ti ìbẹ̀rù yẹn lẹ́yìn.

Ti gbòǹgbò ló burú jù. Ẹni tó bá gbọ́ "fífa gbòǹgbò" á rò pé wọ́n fẹ́ yọ eyín, bẹ́ẹ̀ torí kí wọ́n má baà yọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe ìtọ́jú yìí. Gbòǹgbò kò kúrò níbi tó wà. Ohun rírọ̀ inú rẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára wà, ló ti bàjẹ́. A kúkú ní ọ̀rọ̀ fún ohun rírọ̀ inú egungun: mùdùnmúdùn. Kíkó mùdùnmúdùn eyín, ó ti tán. Wọ́n á fún aláìsàn lábẹ́rẹ́ kó má dùn ún, wọ́n á lu ojú eyín, wọ́n á fi irin tín-ín-rín kó inú ihò gbòǹgbò, wọ́n á fi oògùn ṣàn án, wọ́n á wá dí i pa. Eyín ẹ̀yìn lè ní ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí wọ́n bá fo ọ̀kan, ìrora lè padà. Irú eyín bẹ́ẹ̀ máa ń tètè là, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń dé e. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìdérí eyín. "Adé" á dà bí ọ̀ṣọ́ lásán.

"Dídí ihò eyín" ti wà lẹ́nu aráyé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Akokoro náà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká má fi "kòkòrò eyín" rọ́pò rẹ̀, torí àwọn kan ṣì ń wá aràn tí wọ́n máa fi àgbo lé jáde. Ásíìdì tí kòkòrò àìfojúrí ń fi ṣúgà ṣe ló ń jẹ eyín. Orín ata lè mú ìrora rọlẹ̀ díẹ̀, ihò náà á ṣì máa jìn sí i.

Ó ku gbólóhùn kan nínú ìwé ìlànà tí wọ́n ní ká túmọ̀: pé kí èèyàn tu ìfófó ọṣẹ ìfọyín dànù, kó má sì fi omi ṣan ẹnu. Ẹ má gé apá kejì kúrò. Bí omi bá ti ṣan flúóráìdì lọ, ìyẹn èròjà inú ọṣẹ tó ń dáàbò bo eyín, iṣẹ́ rẹ̀ dínkù. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀kan, ọṣẹ tí flúóráìdì rẹ̀ kò dín ní 1,000 ppm (ìdá 1,000 nínú mílíọ̀nù kan). Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kí ọṣẹ má ju hóró ìrẹsì lọ. Láti 3 sí 6, bíi hóró ẹ̀wà kan. Ìwé ìlànà kọ "díẹ̀", ṣùgbọ́n díẹ̀ ìyá kan lè kún orí búrọ́ọ̀ṣì. Hóró ìrẹsì àti hóró ẹ̀wà ni kí a kọ síbẹ̀.