Sípíkà àtijọ́ bàbá mi kò dún dáadáa lára kọ̀ǹpútà

Ọmọ Tákíé: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Sípíkà onípákó méjì kan wà nílé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, ti bàbá mi ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń jẹ eruku látìgbà tí áńpílífáyà wọn, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ti jóná. Mo gé wáyà íápíìsì, mo so ó mọ́ ti sípíkà, mo wá ki wáyà náà bọ kọ̀ǹpútà. Ohùn tó jáde dà bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò! Wọ́n kọ 8Ω (ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́) sẹ́yìn rẹ̀, ojú wáyà pupa àti dúdú ló ní, kò síbi tí èèyàn ti lè ki iná bọ̀ ọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bàbá Rẹ́díò: Kò bàjẹ́. Irú sípíkà yẹn kò ní áńpílífáyà nínú ni. Etí ni wọ́n ṣe ihò íápíìsì fún, kì í ṣe pálọ̀; ohun tó ń tú jáde kò tó wáàtì kan. Áńpílífáyà gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn.

Ọmọ Tákíé: Ẹ̀ẹ́n, owó tún dé nìyẹn, bàbá.

Ìyá Ìbejì: Kò pọ̀ tó bó o ṣe rò. Ní kí wọ́n bá ẹ wá bọ́ọ̀dù áńpílífáyà kékeré tó ní ṣíìpù TPA3116 nínú, bátìrì sólà 12V gbé e. Òun ni mò ń lò ní ṣọ́ọ̀bù. NEPA mú iná lọ o, kò mú un lọ o, orin mi ń dún.

Bàbá Rẹ́díò: Tó bá jẹ́ áńpílífáyà àlòkù ńlá lo rí, ihò tí wọ́n kọ AUX sí ni kó o ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ̀. Má dé ìdí ihò PHONO. Ti ẹ̀rọ àwo nìyẹn, ohùn á kàn máa ya ni. Pa iná kó o tó so ó. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bó o bá yí ẹyọ kan sódì, báàsì á sá lọ, wàá wá máa bú sípíkà ọlọ́lá. Tún wo fóòmù etí páálí rẹ̀ bóyá ó ti jẹrà.

Ọmọ Tákíé: Mo ti ra àlòkù o! Fóòmù le. Ṣùgbọ́n ó ń kùn hùn-ùn-ùn ṣáá.

Ìyá Ìbejì: Yọ ṣájà kọ̀ǹpútà wò.

Ọmọ Tákíé: Ó dákẹ́! Ẹ ṣé gan-an, mà. Bàbá mi ti gbé àga síwájú rẹ̀ báyìí, àpàlà ni wọ́n ní kí n wá fáwọn. Mi ò rò pé mo máa rí kọ̀ǹpútà mi gbà lónìí.