Ta ni iná ti gbé lórí ìtàgé rí? Ikú Ace Frehley ló mú mi béèrè

Onígìtá Ìbàdàn:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìṣọ́ òru ni, ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú Ìbàdàn tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Gìtá wà lọ́rùn mi, ọwọ́ òsì mi wà lórí okùn rẹ̀, ni mo bá na ọrùn sí máìkì pé kí n gbe orin. Bí ètè mi ṣe kan irin máìkì, àfi gbàú! bí ẹni pé wọ́n fi pátákó gbá mi lẹ́nu. Nígbà tí n ó fi lajú, ẹ̀gbẹ́ ìlù ni mo wà nílẹ̀, tí àwọn ìyá ìjọ ń pariwo pé, "Ẹ̀mí ti gbé e! Ẹ̀mí ti gbé e!" Ẹ̀mí kọ́ ló gbé mi o. Iná ló gbé mi.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni oníná kan tó mọṣẹ́ ṣàlàyé fún mi. Ojú iná kan ni wọ́n ki áńpù gìtá mi bọ̀, òmíràn ni ti máìkì. Ẹnìkan ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì áńpù náà nítorí pé kò wọ ihò, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ló sì yẹ kó gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Nígbà tí kò sí i mọ́, iná tó jò sára irin áńpù gba wáyà wá sára okùn gìtá, ó lúgọ síbẹ̀, ó ń retí ẹni tí yóò fara kan ohun tó bá ilẹ̀ tan. Ètè mi ló kàn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ace Frehley, ẹni tó ta gìtá lead, èyí tí wọ́n máa ń dá ta láàárín orin, fún KISS, ẹgbẹ́ olórin rock Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń kun ojú, kú ní Morristown, New Jersey, lẹ́yìn tó ṣubú. Ẹni ọdún 74 ni. Mo ń ka ìtàn rẹ̀ kiri lálẹ́ ọjọ́ náà, ni mo bá rí ìṣọ́ òru mi níbẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1976 ni, ní Lakeland, Florida. Eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìtàgé pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ó sì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Wọn kò fi wáyà so irin náà mọ́ ilẹ̀ kí iná tó bá jò lè gba ibẹ̀ lọ. Iná gbé e ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn ìsinmi díẹ̀ ó padà sórí ìtàgé, ó parí eré pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú tipiri. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ló fi kọ orin "Shock Me" (Jẹ́ kí iná gbé mi), tó wà nínú àwo Love Gun ti ọdún 1977, òun sì ni orin àkọ́kọ́ tó fi ohùn ara rẹ̀ lé nínú àwo ẹgbẹ́ náà. Ojú ń tì í láti kọrin, nítorí náà ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀ ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀ tó fi kọ ọ́. Èmi náà fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ní tèmi o, orin kankan kò jáde.

Ta ni iná ti gbé rí nídìí orin? Ta ló ti bá onígìtá lead gbélé rí? Ẹ wá sọ tiyín.

Aláṣọ Funfun:

Ẹ káàbọ̀ sínú ẹgbẹ́ wa. Ní ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà. Ẹ rò ó wò: ẹsẹ̀ lásán, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nù, gìtá lọ́rùn. Ó ti gbé mi tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ mọ́tò ni mo ń tẹ́ síbi tí mo ń dúró báyìí, mo sì fi fóòmù bo orí máìkì. Wòlíì kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní kí lèyí nínú ilé Olúwa. Mo ní Bàbá, ẹ wá di gìtá yìí mú, kí ẹ wá fi ẹnu kan máìkì. Wọn kò wá.

Ọmọ Ẹ̀gbá:

Tèmi kì í ṣe iná mànàmáná, iná tó ń jó ni. Mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì l'Abẹ́òkúta nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan mú fídíò KISS wálé láti òkè òkun. Nígbà tó kan Ace láti dá gìtá ta, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde láti inú Gibson Les Paul rẹ̀. Màmá mi ń kọjá lọ, wọ́n ya ojú wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Ẹ pa nǹkan yìí o, ó ti ń jó!"

Mi ò mọ̀ pé ohun tó ń rú èéfín ni wọ́n dìídì kì bọ inú gìtá náà, pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ni èmi tàn, tí mo fi há inú gìtá ṣọ́ọ̀ṣì tí mo yá. Èéfín jáde lóòótọ́. Wáyà inú rẹ̀ náà yọ́, ara igi rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Odindi oṣù márùn-ún ni mo fi gbá àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Onítakisí:

Mo kí gbogbo yín láti Bronx, New York. Ọmọ ibí ni Ace, Bronx níbí ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1951. Takisí ni mo ń wà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje ọdún 1996, ọkùnrin mẹ́rin tí ewú ti ń yọ lórí wọn nawọ́ dá mi dúró. Gbogbo ojú wọn ni wọ́n kùn funfun báláú, pẹ̀lú dúdú àti fàdákà. Ọkàn mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ní eégún kẹ̀, nílùú òyìnbó?

Madison Square Garden, gbọ̀ngàn eré ńlá kan, ni wọ́n ń lọ láti wo KISS. Àwọn mẹ́rin tó dá KISS sílẹ̀ ti padà wà pọ̀ lọ́dún náà, wọ́n sì ti padà kun ojú wọn bíi tàtijọ́. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mú wa lójú ọ̀nà, ni ẹni tó jókòó níwájú bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Òun ló kun fàdákà yí ojú ká bíi ti Ace. Ó ní Ace kò kọ́ gìtá lọ́dọ̀ olùkọ́ kankan. Ní ìparí ọdún 1972 tó lọ fi ara rẹ̀ hàn àwọn tó ń wá onígìtá, bàtà ẹsẹ̀ kan pupa, èkejì àwọ̀ ọsàn. Wọ́n rò pé orí rẹ̀ kò pé, àfi ìgbà tó ki wáyà bọ gìtá. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Paul, ṣùgbọ́n Paul kan ti wà nílẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é ní Ace. Òun náà ló ya àmì ẹgbẹ́ náà, tí S méjì rí bíi mànàmáná, èyí tí wọ́n wá yí padà ní Jámánì nítorí ó jọ àmì àwọn ọmọ ogun SS ti Hitler.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí nìyí. Ó ní lẹ́yìn tí Ace kúrò nínú ẹgbẹ́ ní 1982, nítorí ọtí, oògùn àti àìgbọ́ra-ẹni-yé, ó wa mọ́tò DeLorean ní 1983, àwọn ọlọ́pàá ń lé e, ó sì ń kojú mọ́tò àwọn tó ń bọ̀ lórí Bronx River Parkway. Ojú ọ̀nà tí mò ń gbà lójoojúmọ́ nìyẹn! Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi tí mo ń fi ìwé ìwakọ̀ jẹun, kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní dọ́là ogún, wọn kò gba ṣéńjì.

Àbúrò Onígìtá:

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tí mo ń rẹ́rìn-ín, kó tó di pé mo rántí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ta gìtá lead fún ẹgbẹ́ onijùjú kan l'Ékòó. Bí wọ́n bá ń dá a ta, àwọn olówó á dìde láìjẹ́ pé wọ́n kì wọ́n. Ìgò bíà kan ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n tó bọ́ síwájú. Ó di méjì. Nígbà tó yá, inú ìgò omi ni ogógóró wà, kí ọ̀gá má baà mọ̀. Gbogbo ayé mọ̀. Lọ́jọ́ kan ní òde òkú kan n'Íkòròdú, oorun gbé wọn lọ lórí àga, ìka wọn ṣì ń lọ lórí gìtá. Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n dá wọn dúró.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn, fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lára pósítà ẹgbẹ́ náà, wọ́n ń fi gba owó òde. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn tó ń ṣe bíi tiwọn. Màmá wa rí pósítà náà ní Òṣòdì, wọ́n rò pé wọ́n ti gbà wọ́n padà. Wọ́n ra àkùkọ wálé láti fi dúpẹ́.

Nígbà tí mo rí i pé ojú Ace wà lára àpò àwo Creatures of the Night ti ọdún 1982, tí kò sì ta okùn gìtá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, mo ní ó ti yé mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Psycho Circus lọ́dún 1998, díẹ̀ ló ta níbẹ̀, Tommy Thayer ló ta èyí tó pọ̀ jù nínú gìtá lead rẹ̀. Nígbà tí Ace tún kúrò ní 2002, Thayer yìí náà ni wọ́n kun fàdákà sí lójú.

Ace jáwọ́ nínú ọtí lọ́dún 2006. Ó gbé àwo Anomaly jáde ní 2009. Ọdún 2009 yẹn náà la sin ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Alágbàáà:

Àǹtí, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ti pósítà yẹn, jìbìtì ni, kò ní orúkọ méjì. Ṣùgbọ́n ti ojú kíkùn, ẹ má bínú, èmi ò gbà. Ilé eégún ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀kú ilé wa kì í ṣe ti ẹni tó gbé e lọ́dún yìí. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á gbé e, ọjà á sì tún kún. Kí ló dé tí ojú Spaceman, ojú fàdákà tí Ace máa ń kùn, kò ní rí bẹ́ẹ̀?

Àbúrò Onígìtá:

Ẹ ṣeun, Ọmọ Alágbàáà. Mo ní ìbéèrè kan: ẹni tó kọ́kọ́ dá ẹ̀kú yín, ṣé ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ṣe gbé e wọ ẹlòmíràn? Ace ló fọwọ́ ara rẹ̀ dá ojú yẹn. Ó ń wo ẹlòmíràn nínú rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ọmọ Alágbàáà:

Ẹ mú mi níbẹ̀.

Àgbà Sùúrùlérè:

Ẹ̀yin ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkè òkun nìkan ni rock mọ. Èkó ni BLO, ẹgbẹ́ olórin rock tiwa, ti bẹ̀rẹ̀. B ni Berkley Jones, òun ló ni gìtá. L ni Laolu Akintobi, onílù. O ni Mike Odumosu, òun ló ń ta béèsì. Wọ́n ti bá Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣeré kí wọ́n tó gbé àwo Chapter One jáde ní 1973. Mo lọ wò wọ́n nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́. Ọjọ́ méjì ni etí mi fi ń hó. Ìyàwó mi ní láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbọ́ràn mọ́.

Onígìtá Ìbàdàn:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ gbọ́ èyí: ọkùnrin tí iná gbé ní 1976, àwo tó gbé jáde lọ́dún 2024, ó pè é ní 10,000 Volts. Ó ku ọdún kan àti díẹ̀ kó kú. Àwàdà rẹ̀ yé mi ju orin rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń bi mí bóyá ìjọ wa ti tún iná ṣe: wọ́n ti tún un ṣe. Oníná gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ó ri ọ̀pá irin sí i tí yóò máa gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ yí i ká, kí ibẹ̀ lè máa tutù. Ìyá kan rí i níbi tó ti ń wọ́n iyọ̀, wọ́n sáré lọ pe àwọn alàgbà pé ẹnìkan ti ń rú ẹbọ sẹ́yìn ilé Ọlọ́run. Ìpàdé wákàtí méjì gbáko ni a ṣe lórí ọ̀pá yẹn.

Àǹtí, ṣé kásẹ́ẹ̀tì kankan ṣì wà tí ẹ̀gbọ́n yín wà nínú rẹ̀? Mo fẹ́ kọ́ bí ìka wọn ṣe ń lọ.

Àbúrò Onígìtá:

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, ọ̀dọ̀ màmá ló wà, nínú àpótí aṣọ. Ojú kejì ni wọ́n ti dá a ta. Téèpù rẹ̀ ti ń há díẹ̀. N ó lọ gbà á lọ́jọ́ Àìkú.